Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi ará Iléṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnáwó tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ sọ yé mi: mówà tòkunbọ̀ tí èèyàn ń jókòó lé lórí wà, tí ẹ rà láti máa fi gé koríko ọgbà ilé ìwé yín, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún dáadáa, ọ̀bẹ rẹ̀ ń gé, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, kò lè gun gegele mọ́. Ẹ tẹ pẹ́dà dé ìdí, ẹ́ńjìnì ń ké, táyà dúró. Tó bá sinmi tán, á tún lọ. Mẹkáníìkì yín ní gíábọ́ọ̀sì ló kú, kí ẹ lọ wá òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó.

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó kówó jáde.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń fi irú mówà yìí ṣiṣẹ́ káàkiri Ilé-Ifẹ̀, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà ilé ìwé, àgbàlá ilé ìtura. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, kò pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi tó fi dúró gbagidi lójú iṣẹ́ ní ọ̀nà Ẹdẹ. Mẹkáníìkì gbọ́ ẹ́ńjìnì tó ń dún, ó wo táyà tí kò yí, ó ní gíábọ́ọ̀sì ni. Kí ni mo mọ̀ nígbà yẹn? Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo ra gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Owó rẹ̀ á ra bẹ́líìtì bí ogún. A dè é, a gbé táyà padà, ó gbéra, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó tún dúró.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi ọwọ́ ara mi tú táyà ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo yọ ìdérí ike kékeré tó wà láàárín táyà apá ọ̀tún. Wáyà róbótó tó yẹ kó há táyà mọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo fa táyà, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn yọ bàtà. Ọ̀pá irin tó ti inú gíábọ́ọ̀sì wá ní poro tóóró kan lára, ihò àárín táyà náà ní poro tirẹ̀. Irin onígun mẹ́rin kan tí kò ju oríkèé ìka lọ ló yẹ kó sùn sínú poro méjèèjì, òun ni ọ̀pá fi ń gbé táyà yí. Kíì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nínú tèmi, ẹrẹ̀ pupa ló wà níbi tí kíì yẹ kó wà. Ọ̀pá ń yí lófo nínú táyà, ó ti ha ara rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi ṣíbí tuntun. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá sì ń pín agbára fún táyà méjèèjì, èyí tó bá rọrùn jù láti yí ni agbára máa ń sá lọ bá. Bí kíì táyà kan ṣoṣo bá ti bọ́, gbogbo mówà dúró nìyẹn.

Mo bi mẹkáníìkì. Ó ní òun rí i nígbà tí àwọn ń pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì pé kíì yẹn ti gé sí méjì, òun kàn ki ààbọ̀ tó kù padà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí! Tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ní Mọdákẹ́kẹ́ gé kíì tuntun fún mi, kò gbà ju iye tí wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán lọ. Gíábọ́ọ̀sì tí mo tú dànù ṣì wà ní yàrá mi títí dòní. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n tiyín kì í ṣe kíì. Kíì tó ti gé kì í mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì tutù, kò ní ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kó wá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun tó ń lọ dáadáa kó tó gbóná, tó ń rọ lẹ́yìn ìgbà náà, méjì ni mo máa ń fura sí: bẹ́líìtì, ìyẹn okùn rọ́bà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ fún gíábọ́ọ̀sì, tó ń yọ̀, tàbí ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kan sì wà láti mọ ìyàtọ̀ wọn láìtú nǹkan kan.

Ẹ lò ó títí yóò fi rọ bó ṣe máa ń rọ. Ẹ pa ọ̀bẹ. Ẹ fi imú rẹ̀ ti ìdí igi ńlá. Kí ẹnì kan jókòó lórí rẹ̀, kó máa tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí ẹ máa wo abẹ́ ìjókòó. Ẹ ó rí púlè kan, irin róbótó tó ní poro yíká, lórí gíábọ́ọ̀sì tí bẹ́líìtì ń yí, pẹ̀lú fáànù kékeré oníke lókè rẹ̀. Tí ó bá ń falẹ̀ tàbí tó dúró bí pẹ́dà ṣe ń wọlé, tí ẹ́ńjìnì sì ń sáré lọ ní tirẹ̀, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Tí púlè bá ń yí fìì láìdẹwọ́, tí táyà kò sì fẹ́ mira, ẹjọ́ di ti gíábọ́ọ̀sì.

Ojú ni kí ẹ fi wò ó o, ẹ má na ọwọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ìka mẹ́rin ààbọ̀ ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì, ẹ má sáré rà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wo púlè tó ń tẹ̀ ẹ́ kó le, tí sípíríǹgì ń fà. Nínú ọ̀pọ̀ mówà tòkunbọ̀ tí mo ti rí, apá irin tó gbé púlè yẹn máa ń dógùn-ún síbi tó ti ń mì, nítorí ó ti jókòó sínú òjò fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó kó o wọkọ̀ ojú omi. Sípíríǹgì ń fà, apá kò gbọ́. Ẹ fi ọwọ́ tì í: tí kò bá lọ kó sì padà wá fúnra rẹ̀, ẹ tú u, ẹ fi yanrìn pépà ha á, ẹ fi gírísì sí i. Ẹ yí púlè náà níka, tó bá ń pariwo gìrìgìrì, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe inú ló fi ń gbá púlè mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni. Tí ẹ̀gbẹ́ náà bá ń dán bíi bàtà tí wọ́n kùn ní pólíìṣì, tàbí tó ti jẹ títí ó fi wọlé lọ fẹ̀yìn ti ìdí poro púlè, kò lè di nǹkan kan mú mọ́ tó bá gbóná.

Níbi ríra rẹ̀ ni mo ti jìyà jù lẹ́yìn ti gíábọ́ọ̀sì yẹn. Bẹ́líìtì ara mówà mi kọ 4L850. Mo lọ sọ́dọ̀ onífáànùbẹ́líìtì, mo ní ẹ fún mi ní 85, ó gbé A85 fún mi. Ìbú kan náà ni, ààbọ̀ ínǹṣì. A dè é, ó dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà 4L ń ka gígùn ẹ̀yìn bẹ́líìtì, ìyẹn ìta rẹ̀, 4L850 jẹ́ ínǹṣì 85 lẹ́yìn, nígbà tí nọ́ńbà A ń ka gígùn inú. Ẹ̀yìn fi nǹkan bí ínǹṣì méjì gùn ju inú lọ, nítorí náà A83 ló yẹ kí n gbà. Kó tó yé mi, mo ti fi sípíríǹgì méjì ṣòfò níbi tí mo ti ń wá bó ṣe máa le.

Ẹ má sì gba bẹ́líìtì mọ́tò onírọ́bà gbígbẹ tó ní eyín nínú, bó ti wù kó pọ́n tó. Ti mówà, aṣọ ni wọ́n fi wé e lára kó lè máa yọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Eléyìí tó ní eyín á kàn gbá púlè mú ni, mówà á máa wọ́ lọ nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti dá a dúró. Ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé lẹ gbé e lọ, ẹ rántí.

Tó bá wá jẹ́ pé púlè ń yí tí táyà kò gbé, ẹ wo ẹ̀yìn mówà, lápá ìsàlẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà kí táyà lè yí lófo, kí èèyàn lè fi ọwọ́ ti mówà. Àwọn tó ń kó o jáde nínú kọ̀ńténà máa ń fà á, wọn kì í sábà tì í padà dé ilé. Nígbà míì ó ti tẹ̀, ó wọlé ààbọ̀. Mówà á máa rìn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń jò, tó bá gbóná á rọ. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì ti gba èèyàn méjì tí mo mọ̀ lọ́wọ́ gbèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn, fáànù oníke tí mo sọ. Ẹ ka ewé rẹ̀, ẹ wò ó bóyá òmíràn ti ṣẹ́. Gbogbo ara gíábọ́ọ̀sì lábẹ́ rẹ̀ ní igun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ti mówà tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, koríko gbígbẹ àti erùpẹ̀ á ti dì síbẹ̀ bí àpò òwú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Irú gíábọ́ọ̀sì tí ẹ fi pẹ́dà darí yìí, ọ́ìlì ni pọ́ńpù inú rẹ̀ ń fi tagbára tì táyà. Tí kò bá rí atẹ́gùn, ọ́ìlì á gbóná, á ṣàn bí omi, á máa sá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jẹ, kò ní le mọ́. Gegele Iléṣà yín náà sì tún ń dá kún un.

Ọ́ìlì yíyípadà ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó rò ó pé kí ẹ ra òmíràn. Ẹ ka àlẹ̀mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì, ẹ tẹ̀lé ohun tó wí. Fún àpẹẹrẹ, Hydro-Gear, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú gíábọ́ọ̀sì yìí, ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 20W-50 nínú púpọ̀ nínú tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì gíà mọ́tò sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ihò tí ọ́ìlì ń gbà dà, ẹ ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Tí ẹ bá dá a padà, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ fa ọ̀pá tó ń jẹ́ kí táyà yí lófo, ẹ tan ẹ́ńjìnì kó máa lọ jẹ́jẹ́, ẹ tẹ pẹ́dà síwájú àti sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ ti ọ̀pá yẹn padà, ẹ tún ṣe bákan náà. Ẹni tó fo èyí á ní ọ́ìlì tuntun kò ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ó ṣì ń rọ, mẹkáníìkì yín jàre, gíábọ́ọ̀sì ti jẹ nínú. Èyí tó wà ní yàrá mi, ẹ ka nọ́ńbà ara tiyín fún mi, tó bá bá a mu, a ó dúnàádúrà. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí n wo mówà náà fúnra mi, orí ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí wá sí Ifẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ ìdí mọ́tò fà o, táyà tó bá ń yí gíábọ́ọ̀sì tipátipá láti Iléṣà á bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.