Èsì: Ìdí tí búlúù òkun kò fi tàn lórí póstà yín

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní póstà ìlú etí òkun tí ẹ yà bíi ti rélùwéè àtijọ́, tí ẹ lọ tẹ̀ ní Wuse, búlúù rẹ̀ ò tàn, ara bébà sì ń dán yinrin.

Ibi àwọ̀ ni wàhálà wà. RGB, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ni kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán. CMYK, ìyẹn yíǹkì mẹ́rin: cyan (C), magenta (M), yẹ́lò (Y) àti dúdú (K), ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, búlúù tó mọ́lẹ̀ yẹn kò sì sí nínú yíǹkì. Ẹ yí fáìlì sí CMYK kí ẹ tó yan àwọ̀ rárá. Fún òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti C 80%, M 20%, Y 25%, K 0%. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ kan máa yọ́ wọ inú èkejì. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ ti àtijọ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá dúró gedegbe. Ẹ wo àwọn póstà tí ayàwòrán Roger Broders yà fún PLM, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan ní Faransé. Àwọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó yín.

Ìwọ̀n bébà A2 ní 300 dpi (àmì 300 nínú ínṣì kan) jẹ́ píksẹ́lì 4961 sí 7016. Ẹ fi mílímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún gígé.

Bébà matte, èyí tí kì í dán, tó wúwo tó 200 sí 250 gsm (gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan), ni kí ẹ béèrè. Atẹ̀wé á ní èyí tó ń dán ló wuyì jù. Ẹ má dá a lóhùn. Yíǹkì pigment, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tù kíkúnná, ni kí wọ́n lò, torí yíǹkì dye, tí àwọ̀ rẹ̀ yọ́ sínú omi, tètè ń ṣá nínú oòrùn Àbújá. Ẹ fi páálí la àárín bébà àti gíláàsì férémù, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra lásìkò òjò, kí ẹ sì fi téèpù dí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́.