Kílíìpù ni àbí òwú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n fẹ́ yọ àpò òróòro màmá mi láti ojú ihò kékeré, nítorí òkúta. Wọ́n ní kílíìpù irin làwọn máa fi dí ojú ọ̀nà òróòro. Àǹtí mi yarí: irin ò gbọdọ̀ kù sínú èèyàn, òwú ni kí wọ́n fi so ó. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? — Àkọ́bí Màmá, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ara Màmá á yá o. Ẹ bá mi fi Àǹtí lọ́kàn balẹ̀. Taiténíọ̀mù ni irin yẹn, kì í dípẹtà, kò sì ju èékánná ọmọ ìka lọ. A máa ń fi méjì há apá ọ̀nà òróòro tó máa kù sínú ara, ọ̀kan há apá àpò, a ó wá gé e láàárín. Láti 1985 tí Erich Mühe ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Jámánì, àìmọye èèyàn ló ń gbé kílíìpù kiri láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àmọ́ bí ọ̀nà òróòro bá wú, tí ẹnu kílíìpù ò ká a já, òróòro lè jò sínú ikùn. Níbẹ̀ ni mo ti fara mọ́ Àǹtí pátápátá: òwú tó ń yọ́ sínú ara ni mo máa ń fi so ó. Ó ń jẹ àkókò, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n so ló sì fẹ́. Kílíìpù oníke tó ń há pinpin náà wà.

Torí náà, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín pé: “Bí ọ̀nà òróòro bá fẹ̀ ńkọ́?” Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí inú rírun bá ń le sí i nílé, tí ara gbóná, tàbí tí ojú pọ́n bíi ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi àgbo dánra wò.