Ẹ má fi sánpépà kan ìdí idà yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sánpépà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní bàbá àgbà ìyàwó yín, tó ṣe ọ̀gá ṣọ́jà òyìnbó ní Bọ́má, ló gba idà àwọn ará Jàpáànù náà ní 1945, pé ẹ fẹ́ ha ìpáàrà ìdí rẹ̀, irin tó wọnú èèkù, kí orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ lè hàn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ó sì ń dùn mí dòní.

Ọjà gbàǹjo ni mo ti ra tèmi. Mo yọ èèkàn oparun tó di èèkù mú, mo bọ́ èèkù, mo rí lẹ́tà lábẹ́ ìpáàrà dúdú. Mo ha á títí irin fi ń dán. Sukesada, orúkọ alágbẹ̀dẹ idà àtijọ́, ló jáde. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ayọ̀ ni. Mo gbé e lọ bá àgbà kan tó mọ idà wò. Kò tilẹ̀ ka orúkọ náà. Ìdí tó ń dán yẹn ló ń wò, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "O ti ha ọjọ́ orí ẹ̀ dànù."

Ìpáàrà tó ti pẹ́ máa ń dúdú, ó máa ń jọ̀lọ̀. Tuntun á pọ́n, á máa kù sọ́wọ́. Inú ojú lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ dúdú bí irin tó yí i ká. Tí ẹ bá ti ha á, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá orúkọ náà ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1500 tàbí oníjìbìtì kan ló gbẹ́ ẹ lánàá.

Orúkọ nìkan ò sì tó. Ní Osafune, nílẹ̀ Bizen ní Jàpáànù, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ló jẹ́ Sukesada láti ìran dé ìran. Kotetsu, alágbẹ̀dẹ olókìkí ti Edo (Tokyo àtijọ́), ńkọ́? Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ ju ojúlówó lọ fíìfíì. Idà tí kò lórúkọ rárá lè dára ju èyí tó lórúkọ lọ, torí ìdí ni wọ́n ti máa ń gé idà gígùn àtijọ́ kúrú, orúkọ á sì bá a lọ.

Irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bó ṣe tẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí kíká irin léra fi sílẹ̀, àti hamon, ìlà funfun etí ojú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á fi amọ̀ bo ẹ̀yìn idà kó nípọn, á fi fẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, kó tó yan án nínú iná, kó sì tì í bọ omi; ibẹ̀ ni hamon ti ń jáde, àgbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní irú tiẹ̀. Lẹ́yìn èyí lorúkọ ń wá jẹ́rìí.

Ní ti tiyín, ẹ wá òǹtẹ̀ kékeré lára ìdí rẹ̀. Tó bá wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ogun, ní ìlú Seki pàápàá. Ẹ má fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí Jàpáànù, òfin ibẹ̀ ò gbà á wọlé, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Tí kò bá sí, NBTHK, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú idà Jàpáànù ní Tokyo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í fún idà tórúkọ rẹ̀ jẹ́ ayédèrú ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má fọwọ́ lásán kan ojú rẹ̀ o. Ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀ níhà méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, bó ṣe dúdú yẹn gẹ́lẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín wò ó.