Ṣé káún lè rọ́pò eérú kòkó nínú ọṣẹ dúdú?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ọṣẹ dúdú ṣíṣe, Ilẹ̀-Olújì ni a wà. Eérú èèpo kòkó la máa ń lò. Lọ́dún yìí, òjò kò jẹ́ kí èèpo gbẹ, eérú sì wọ́n mi. Ẹnìkan sọ fún mi lọ́jà pé káún àti eérú, pọ́táàṣì kan náà ni, pé kí n fi káún dí ohun tó kù. Mo da káún kóńgò méjì sínú omi eérú, mo fi sè epo pupa àti àdín láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọṣẹ náà kọ̀, kò fà. Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò tó, epo sì ń léfòó lórí rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé mo lè ra èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà dípò eérú, báwo ni mo sì ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà ọjọ́ náà. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn kò purọ́ fún yín, orúkọ ló tan òun náà jẹ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà, pọ́táàṣì ni wọ́n ń pe káún, pọ́táàṣì náà ni wọ́n sì ń pe ohun tí omi ń fà jáde lára eérú. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Sódíọ̀mù ló wà nínú káún, òun náà ló wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Pọtásíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú eérú kòkó. Sódíọ̀mù ń sọ epo di ọṣẹ líle, irú èyí tí wọ́n ń gé ní búlọ́ọ̀kù. Pọtásíọ̀mù ló ń sọ epo di ọṣẹ rírọ̀ tó ń fà bí ọṣẹ ìyá yín.

Ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá. Méjèèjì ló wà nínú àpáta, ìwọ̀n wọn níbẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí òjò àti oòrùn bá ti ń jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀, wọ́n á yọ́ jáde. Amọ̀ inú ilẹ̀ máa ń di pọtásíọ̀mù mú, gbòǹgbò igi náà á sì máa fà á, nítorí kò sí ewéko tó lè wà láàyè láìsí i. Òun ni ewé fi ń ṣí ihò kéékèèké tó ń gba afẹ́fẹ́, tó sì fi ń pa á dé. Kò sí ẹni tó fẹ́ sódíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi odò á gbé e lọ. Ìdí nìyí tí sódíọ̀mù fi ń lọ bíi gíráàmù 10.8 nínú lítà omi òkun kan, tí pọtásíọ̀mù kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 0.4 lọ. Níbi tí adágún kò bá ti rí ọ̀nà dé òkun, tí oòrùn ń fa omi rẹ̀ gbẹ, sódíọ̀mù náà á dì sílẹ̀ bí òkúta. Bí káún ṣe ń dì nìyẹn lágbègbè Adágún Chad, ní Kanem tó wà ní orílẹ̀-èdè Chad, kí àwọn oníṣòwò tó kó o wá sí gúúsù. Ohun tí omi gbé lọ ni káún. Ohun tí igi dá dúró ni ẹ ń rí nínú eérú.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sídìí ìkòkò yín, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Káún kò lágbára tó. Apá kan rẹ̀ jẹ́ irú ohun tí wọ́n ń pè ní sódà ìdáná, tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ó lè mú ẹ̀wà tètè rọ̀, ó lè mú ewédú yọ̀, ṣùgbọ́n kò lè já epo tútù sí ọṣẹ. Omi eérú pàápàá, agbára káká ló fi ń ṣe é: ẹ ní láti sè é pẹ́, ẹ ní láti jẹ́ kó ki. Bóyá ẹ ti kíyè sí i pé epo pupa tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti ń kan, máa ń tètè gba omi eérú ju epo tuntun lọ. Epo tó ti kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún eérú kò pọ̀ mọ́. Ẹ wá da káún lu omi eérú, iye agbára tó wà nínú ìkòkò kò tó epo tí ẹ dà sí i. Epo tí ẹ rí lórí nìyẹn.

Èyí tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Sódíọ̀mù ti wọlé, ọṣẹ ti fẹ́ le. Yàtọ̀ sí èyí, káún ọjà kì í mọ́. Iyọ̀ lásán máa ń wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ àti omi wà papọ̀, ńṣe ló ń lé ọṣẹ jáde kúrò nínú omi ní hóró-hóró. Àwọn aṣọṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́. Eérú igi ni wọ́n fi ń se ọṣẹ, ọṣẹ rírọ̀ ni wọ́n sì ń rí. Bí wọ́n bá fẹ́ èyí tó le, wọ́n á da iyọ̀ sínú ìkòkò, ọṣẹ á yapa, wọ́n á kó o sínú àpótí kó dì. Ẹ̀yin náà ṣe é, àmọ́ ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ má ro ara yín pin. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó lè ya ìbejì wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ní 1736 ni ará Faransé kan, Duhamel du Monceau, fi hàn pé èyí tó wà nínú iyọ̀ òkun kì í ṣe èyí tó wà nínú eérú igi. Marggraf, ará Jámánì, tún fi iná dán wọn wò ní ọ̀rúndún 18 náà: ti inú iyọ̀ sọ ahọ́n iná di aláwọ̀ ìyeyè, ti inú eérú sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò tó ṣá. Ẹ̀yin náà lè dán an wò pẹ̀lú iná gáàsì aláwọ̀ búlúù. Ẹ fi wáyà irin mímọ́ kan bọ inú omi káún, kí ẹ nà án sínú iná, ìyeyè gbòò ni ẹ máa rí. Èyí tí ẹ bá fi bọ omi eérú lè pọ́n ìyeyè díẹ̀ náà, nítorí sódíọ̀mù bíńtín tó wà nínú rẹ̀ máa ń fẹ́ gba ojú gbogbo ènìyàn. Awò aláwọ̀ búlúù tó dúdú dáadáa ni àwa fi ń wò ó ní yàrá àyẹ̀wò. Ó ń bo ìyeyè náà mọ́lẹ̀, èyí tó kù á sì yọ.

Orúkọ pọ́táàṣì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ni, ìkòkò àti eérú, nítorí inú ìkòkò irin ni wọ́n ti ń se omi eérú gbẹ. Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́míkà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú pọtásíọ̀mù gangan jáde, ní London, ní October 1807. Ó gba agbára bátìrì ńlá kọjá lára pọ́táàṣì tó lágbára, ó sì rí hóró kéékèèké tó ń dán bíi fàdákà, àwọn kan ń gbiná lójú ẹsẹ̀. Edmund, ìbátan rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, sọ pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń fò káàkiri yàrá nítorí ayọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló tún mú sódíọ̀mù jáde. Òun ló fún pọtásíọ̀mù ní orúkọ, láti ara pọ́táàṣì. K tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ rẹ̀ wá láti inú èdè Lárúbáwá, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe eérú ewéko. Ẹ rí i pé ìdí eérú ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí.

Ìtàn kan wà tó máa wúlò fún yín gan-an. Ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹnikẹ́ni lórí ohun tó hùmọ̀, Samuel Hopkins ni wọ́n fún ní 31 July 1790, George Washington ló buwọ́ lù ú. Kí ni ọkùnrin náà hùmọ̀? Pé kí wọ́n tún eérú jó nínú ààrò kí wọ́n tó da omi sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláró wa tí ń pa aṣọ ní ẹ̀lú kò gba ìwé ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń mọ eérú roboto, wọ́n ń tún un sun nínú ààrò. Bí eérú yín bá ṣì dúdú, tí èédú wà nínú rẹ̀, ẹ tún un jó títí tí yóò fi funfun tàbí kó rí bí àwọ̀ adìẹ eléérú. Ohun tí ẹ máa rí lára eérú díẹ̀ tí ẹ ní á pọ̀ sí i.

Òjò ni ọ̀tá yín tòótọ́. Pọ́táàṣì ń yọ́ nínú omi ju iyọ̀ lọ, nítorí náà eérú tí òjò bá pa lálẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti mu agbára rẹ̀. Bí èèpo kòkó bá jókòó sínú oko tí òjò ń pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bákan náà ni, kódà kí ẹ tó jó o. Ẹ kó o sábẹ́ páànù. Ẹ tọ́jú eérú sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ọmọrí, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Bí kòkó kò bá tó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀ ní pọtásíọ̀mù dáadáa. Ìdí ẹbu tí wọ́n ti ń fọ epo ni ẹ ti lè rí èyí tó kẹ́yìn yìí, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ibi. Láti mọ̀ bóyá omi eérú ti ki tó, ẹ fi ẹyin adìẹ tútù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tutù. Bó bá rì, ẹ ṣì máa sè é kó fà sí i. Bó bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ síta níwọ̀n owó ẹyọ, ó ti tó.

Ní ti èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara àpò kí ẹ tó sanwó. KOH ni kí ẹ rí níbẹ̀, ìyẹn pọ́táàṣì tó lágbára. Bí ẹ bá rí NaOH, sódà tó ń jó ara nìyẹn, kì í ṣe sódà ìdáná, ọṣẹ líle náà ni ẹ tún máa bá lọ sílé. Kílò epo pupa kan nílò nǹkan bíi gíráàmù 200 KOH tó mọ́ pátápátá. Àdín nílò nǹkan bíi 245. Èyí tó wà lọ́jà kì í mọ́ tán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100, ìyókù jẹ́ omi. Nítorí náà 200 á di 222. Èmi á wá dín in kù díẹ̀, sí nǹkan bíi 210, kí epo díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ, kó má báa ta ara. Gíráàmù 142 péré ni NaOH tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún kílò epo pupa kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì kílò fún kílò, ẹ má dá a lóhùn, ọṣẹ tó ń jó ènìyàn ni yóò bí fún yín. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọn méjèèjì, ẹ má lo kóńgò. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 kì í ṣe kílò 25, nǹkan bíi 23 ni.

KOH kì í ṣe eérú o. Ó máa ń bó ènìyàn lára, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi awò bo ojú, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Òun ni kí ẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí, nítorí ó máa ń hó gùdùgùdù, ó sì lè ta sí yín lójú. Ìkòkò irin tàbí ike tó nípọn ni kí ẹ lò. Ó máa ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù lójú ẹsẹ̀. Bó bá kan yín lára, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kì í ṣe ọtí kíkan, kì í ṣe epo. Bó bá kan ojú, ẹ máa fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn.

Èyí tó ti bàjẹ́ yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e padà sórí iná, kí ẹ máa bu omi eérú tó ki sí i díẹ̀díẹ̀ títí epo orí rẹ̀ yóò fi wọlé. Kò ní rọ̀ bí ti ìyá yín mọ́, sódíọ̀mù tó ti wọ inú rẹ̀ kò ní jáde. Ṣùgbọ́n ó dára fún aṣọ fífọ̀. Ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ fi wẹ ọmọ.

Mo ní láti fi kan sí i, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn nílé tèmi pàápàá: dókítà ní kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dín iyọ̀ kù, ẹni náà wá ń ju káún sínú ewédú pẹ̀lú ìdánilójú pé pọ́táàṣì ni, pé pọtásíọ̀mù dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Sódíọ̀mù ló ń jẹ yẹn. Kó kà á mọ́ iyọ̀.

Eérú tó kù nídìí ìkòkò lẹ́yìn tí omi ti fa pọ́táàṣì rẹ̀ jáde, ẹ má dà á sójú gọ́tà. Kálísíọ̀mù rẹ̀ kò bá omi lọ, ilẹ̀ tó ti kan sì ń fẹ́ ẹ. Ẹ fọ́n ọn sí ìdí kòkó, kò gbọdọ̀ gùn jọ síbì kan. Ọ̀gá oko tí ẹ ti ń kó èèpo náà ń ra ajílẹ̀ NPK láti fi dí pọtásíọ̀mù tí ẹ̀yin kó lọ. K tó wà ní ìparí orúkọ yẹn, láti inú ilẹ̀ Kánádà, Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárúùsì ni wọ́n ti ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ọṣẹ díẹ̀ lọ́dọọdún, owó èèpo ni.