Ẹ Bi Wá: Pákó, Aṣọ Ọ̀gbọ̀ àti Ọyẹ́

Ìbéèrè (láti Sabon Gari, Kano): Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé lọ́dún 1919 wọ́n fi bàálù ogun onípákó sá eré láti Ìlú Ọba dé Ọsirélíà. Níbí, ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn pákó gbádùn, ṣe ni ó máa ń là. Báwo ni tiwọn kò ṣe tú ká?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ló kù kó tú ká. Ìjọba Ọsirélíà gbé 10,000 pọ́n-ùn kalẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ wọn tó bá kọ́kọ́ dé láàárín 30 ọjọ́. Bàálù mẹ́fà ló gbéra, méjì péré ló dé. Ross Smith, Keith ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti mẹkáníìkì méjì, Jim Bennett àti Wally Shiers, ló gba owó náà. Hounslow lẹ́bàá London ni wọ́n ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, wọ́n sì dé Darwin, ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá. Vickers Vimy ni wọ́n wà, bàálù ajùbọ́ǹbù alápá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Eagle VIII méjì.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi bo apá rẹ̀. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní dope. Bí ó bá ti ń gbẹ ni ó ń fa aṣọ náà le bí awọ ìlù. Òjò àti oòrùn a máa dẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì tún un kùn. Ti pákó ló le jù. Bí òjò bá pa á, á wú. Bí ó bá wọ ilẹ̀ gbígbẹ, á sún kì. Nígbà náà ni bóòtù tó di propeller (abẹ̀bẹ̀ onípákó tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fa bàálù lọ) mú á dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá tún un fún á rí i pé propeller ti ń mì lójú ihò rẹ̀, ihò á fẹ̀, pákó á sì là.

Propeller Vimy yìí là lóòótọ́, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kúrò ní Darwin. Páànù àti skúrù ni Shiers fi dè é. Ẹni tó bá ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ohun tí ó so mọ́ apá kan, ìwọ̀n kan náà ni kó so mọ́ èyí tó kọjú sí i, torí bí apá kan bá wúwo jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n títí yóò fi já.

Kí wọ́n tó dé Darwin, ẹrẹ̀ ló mú wọn ní Surabaya, ní erékùṣù Java. Ẹní ọparun ni àwọn ará ìlú kó wá láti ilé wọn, wọ́n tẹ́ ẹ bí ọ̀nà kí táyà lè rí nǹkan gùn. Irú ẹní bẹ́ẹ̀, kíkàn mọ́lẹ̀ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ propeller á ká a sókè, á sì fi lu ìrù bàálù.

Bàálù kejì tó dé, DH.9 tí Parer àti McIntosh wà, gbéra ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1920, ó di ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ kó tó dé Darwin. Ẹ ò rí i pé èyí kúrò lọ́rọ̀ eré!

Ìbéèrè (láti Gwagwalada, Abuja): Ṣé irú bàálù bẹ́ẹ̀ dé Òkè Ọya rí?

Ìdáhùn: Ó dé, àmọ́ kì í ṣe eré ìdíje. Bàálù DH.9A mẹ́ta ti ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Coningham ni olórí wọn, kúrò ní Helwan lẹ́bàá Cairo ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 1925, wọ́n sì balẹ̀ sí Kano ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì Liberty wọn lára. Nínú ooru ọ̀sán, omi rédíétọ̀ irú èyí a máa tètè hó, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì fẹ́lẹ́ débi tí apá kì í gbé ẹrù dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìdájí fi dára jù fún gbígbéra.