Àgbọ̀nrín ò sá lọ, oúnjẹ ló ṣí

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ. O ní láti oṣù kẹjọ ni akọ àgbọ̀nrín mẹ́rin ti ń jáde sí etí oko sóyà tó ò ń ṣọ́ ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tí kámẹ́rà rẹ ń yà wọ́n nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Oṣù kẹwàá wọlé, o ò rí ìrù kan. O wá ń béèrè bóyá wọ́n ti pa wọ́n tán ni, àbí àgbọ̀nrín máa ń sinmi kí àsìkò tí akọ ń gun abo tó dé.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà báyìí, mo ti padà sílé, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé Ohio, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ṣe mí rí, ó sì dùn mí ju bó ṣe dùn ọ́ lọ, torí ọmọ ọdẹ ni mí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra ọfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gun igi kan ṣoṣo létí oko sóyà. Mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ó di orí igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ń wá kí mi. Mo tiẹ̀ ra ìtọ̀ abo àgbọ̀nrín inú ìgò láti fi fa akọ mọ́ra (ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀). Owó gbé.

Mo wá pe bàbá mi ní Òkè-Ṣọ̀pẹ́n. Wọn ò mọ Ohio, wọn ò sì rí oko sóyà rí. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán, wọ́n ní, “Kí ni ẹran ọ̀hún ń jẹ báyìí?”

Mo ní sóyà ni.

Wọ́n ní, “Báyìí ni mo wí, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí ìyeyè bá ti ń já bọ́ lásìkò òjò, ọdẹ tó bá lọ gẹ̀gùn síbi tó ti rí ẹtu lóṣù tó kọjá, ẹ̀fọn ló máa jẹ ẹ́ mọ́jú. Ìdí ìyeyè ni ẹtu wà. Tí ìyeyè bá tán, á tún ṣí lọ síbòmíràn. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí, àfi bí ẹni pé mo gbàgbé rẹ̀ sí Ìkẹjà nígbà tí mo ń wọ bàálù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi ọfà sílé, mo wọnú igbó lọ́sàn-án gangan. Ewé sóyà ti pọ́n, kò dùn ún jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú igbó, èso igi oak ti bo ilẹ̀ bí ẹni da èkùrọ́ sílẹ̀. Ìgbẹ́ àgbọ̀nrín tutù níbẹ̀. Wọ́n ti fi ìwo họ ara igi kéékèèké, wọ́n ti fi pátákò ha ilẹ̀. Ibi tí mo ń jókòó sí ò jìnnà síbẹ̀ rárá! Oríṣi oak tó yẹ kó o wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní oak funfun, torí èso rẹ̀ ò korò tó ti oak pupa, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ jẹ. Wo ewé rẹ̀: tí etí ewé bá rí roboto, funfun ni, tó bá mú ṣóńṣó, pupa ni.

Oúnjẹ nìkan kọ́ o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, awọ rírọ̀ ló bo ìwo àwọn akọ, wọ́n sì ń rìn pọ̀ bí ọ̀rẹ́. Bí ojúmọmọ bá ti ń kúrú, ẹ̀jẹ̀ akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n á họ awọ yẹn kúrò nínú oṣù kẹsàn-án, ọ̀rẹ́ á tú ká. Àwọn kan á ṣí lọ síbòmíràn pátápátá. Nínú mẹ́rin tìrẹ, ó lè jẹ́ pé méjì ò ní padà síbẹ̀ lọ́dún yìí. Irun òtútù náà ti hù sí wọn lára, tí ọjọ́ bá wá móoru, òru ni wọ́n á máa rìn. Ìwọ alára ńkọ́? O ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo lò ń lọ. Òórùn rẹ ti wà ní gbogbo ẹ̀bá oko yẹn, wọ́n ti mọ àkókò tó o máa ń dé.

Ní ti ìsinmi tó o béèrè, kò sí ìsinmi kankan. Ní Pennsylvania tó o wà yẹn gan-an, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Penn State fi GPS, ẹ̀rọ tó ń tọpa ibi tí ẹran bá rìn dé, sọ́rùn àgbọ̀nrín, wọ́n sì rí i pé ńṣe ni ìrìn akọ ń pọ̀ sí i nínú oṣù kẹwàá, títí di àárín oṣù kọkànlá tí gígun abo máa ń gbóná jù. Ìyẹn ni ọmọ fi máa ń wáyé nígbà tí ooru àti koríko ti dé, nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Àgbọ̀nrín ilé tiwa ò mọ ìyẹn. Ojúmọmọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú, oṣù tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń bímọ. Ká sòótọ́, orúkọ ẹran tiwa la fi ń pe tòkèèrè: ìwo tiwa kì í já títí ẹran á fi kú, tiwọn ń já lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi, wọ́n ní Amẹ́ríkà ti kọ́ mi ní irọ́.

Nítorí náà, gbé kámẹ́rà kúrò létí oko, gbé e sídìí oak. Má gun igi kankan títí afẹ́fẹ́ á fi máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí òtútù bá ṣàdédé dé lẹ́yìn ooru, má lọ síbi iṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ṣí lọ sídìí oak, kí ilẹ̀ tó ṣú, akọ kan tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka mẹ́jọ jáde, ọfà kan ló sì gbà. Mo pe bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò bi mí bó ṣe tóbi tó, wọn ò kí mi kú oríire. Wọ́n ní, “Ìwo rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀?”