Ṣé òótọ́ ni pé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sá níṣẹ́ bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé?

Rárá o. Ẹ̀rù lè bà wọ́n, ìdí sì wà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, nọ́ọ̀sì sì wà lára wọn. Níbẹ̀rẹ̀, kò rọrùn láti rí òṣìṣẹ́ ìlera tó máa wọ ibùdó ìtọ́jú ní Yaba. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Àìsí ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti aṣọ ààbò tó péye ló máa ń fà wọ́n sẹ́yìn, àti ìbẹ̀rù pé àwọn lè gbé àrùn lọ bá ọmọ nílé. Ta ni kò ní bẹ̀rù ìyẹn? Ẹ fún wọn ní ohun ààbò, ẹ kọ́ wọn dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn á dúró.